Kí Ni Àwọn Sístà Tí Kì Í Jáde Ń Ṣe Nínú Ilé? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Ará Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ní Àjàṣẹ́ níbí, kò sẹ́ni tí kò mọ sístà, tí àwa ń pè ní masọ̀ọ̀. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níwèé, òun ló wẹ egbò fún wa nígbà tá a wà ní kékeré, òun náà là ń rí lẹ́yìn sẹ́míjàn lọ́nà ọjà Wàǹdó. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọmọbìnrin ilé kan sọ pé irú èyí tí kì í jáde lòun fẹ́ ṣe, pé mọ́násítírì lòun ń lọ, ẹkún á sọ. Ìyá á ní wọ́n ti gba ọmọ lọ́wọ́ òun. Àwọn ẹ̀gbọ́n á ní ta ló ṣe é fún un.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní katikísìmù, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí kò sì yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn. Mo kó wọn jọ síbí. Ọ̀rọ̀ náà jẹ mí lógún, mi ò sì ní fi bò.

Ṣé gbogbo sístà ni kì í jáde ni?

Rárá o. Ọ̀nà méjì ló wà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ló mú wọn wá sáàárín wa: ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ìtọ́jú ọmọ aláìníyàá. Àwọn Sístà Notre-Dame des Apôtres, tí Fadà Augustin Planque dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní 1876 kí wọ́n lè bá àwọn míṣọ́nnárì SMA (Ẹgbẹ́ Míṣọ́n Áfíríkà) ṣiṣẹ́ ní Áfíríkà, irú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n.

Àwọn kejì là ń sọ̀rọ̀ wọn níbí. Àdúrà ni iṣẹ́ wọn, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ti ń ṣe é títí ọjọ́ ikú. Àwọn Kámẹ́lì wà nínú wọn, àwọn ọmọ Klárà Mímọ́ ti Àsísì wà níbẹ̀, àwọn Benedíkítì àti àwọn Sisitẹ́ẹ̀sì náà wà. Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa yìí, àwọn Sisitẹ́ẹ̀sì obìnrin wà ní Parakou, nínú ilé tí wọ́n ń pè ní L'Étoile Notre-Dame, àwọn Benedíkítì obìnrin sì wà ní Toffo. Ọkùnrin náà ń ṣe é: àwọn mọ́ńkì Sisitẹ́ẹ̀sì wà ní Kokoubou, nítòsí Parakou kan náà.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni odi rẹ̀, ìyẹn ààlà tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ayé, le bákan náà. Ti Kámẹ́lì àti ti Klárà le gan-an. Àwọn Benedíkítì ní tiwọn a máa gba àlejò sílé, nítorí Benedíkítì Mímọ́ ti kọ ọ́ sínú Òfin rẹ̀ pé kí wọ́n gba àlejò tó bá dé bí ẹni pé Kristi fúnra rẹ̀ ló dé.

Láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí ni wọ́n wá ń ṣe?

Agogo ló ń pín ọjọ́ wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé Sisitẹ́ẹ̀sì, agogo àkọ́kọ́ á ti dún kí àkùkọ tó kọ. Wọ́n á dìde nínú òkùnkùn, wọ́n á wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á dúró ní ọ̀wọ́ méjì tó kọjú síra wọn. Ọ̀wọ́ ọ̀tún á dá ẹsẹ Sáàmù kan, tòsì á gba èyí tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá dé ìdajì ẹsẹ, wọ́n á dánu dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí, kí wọ́n tó parí rẹ̀. Bí Sáàmù bá parí, gbogbo wọn á tẹrí ba fún “Ògo ni fún Baba.” Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé ó ti fà jù. Ẹ fara balẹ̀ tì í fún ìdajì wákàtí, ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ níbẹ̀, pé orin kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń gbé.

Wọ́n á padà wá nígbà tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún wá lọ́sàn-án, wọ́n á wá nírọ̀lẹ́, wọ́n á sì wá kí wọ́n tó sùn. Onísáàmù sọ pé ìgbà méje lójúmọ́ lòun ń yin Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ yìí sì ni Benedíkítì gbé ètò rẹ̀ kà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n kọ gbogbo Sáàmù, tó jẹ́ 150, tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn àdúrà alẹ́, ẹnu á pa títí di òwúrọ̀.

Mísà wà láàárín rẹ̀, Ìwé Mímọ́ tí wọ́n ń kà jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń jẹun, ẹnì kan á máa ka ìwé sókè, àwọn yòókù á máa gbọ́. Àwọn Kámẹ́lì tún ní wákàtí méjì lójúmọ́ fún àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n sì ní àkókò tí wọ́n máa ń jókòó papọ̀ sọ̀rọ̀, tí wọ́n á rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á máa rán aṣọ bí wọ́n ṣe ń tàkúrọ̀sọ. Tẹrésà Mímọ́ ti Avila, ẹni tó tún ìgbé ayé Kámẹ́lì ṣe, ló ní kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ẹ má bínú o, kí ni èyí wúlò fún? Ebi ń pa èèyàn, dókítà kò tó, àwọn kan wá jókòó sínú ilé wọ́n ń kọrin.

Ìbéèrè yìí ni mo bọ̀wọ̀ fún jù, nítorí ẹni tó bi í láàánú. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù fúnra wọn ti bi í rí. Nígbà tí obìnrin kan da òróró olówó ńlá sí i lára ní Bẹ́tánì, inú bí wọn. Wọ́n ní kí ló dé tó fi ń ṣòfò, pé à bá tà á, ká fi owó rẹ̀ fún tálákà. Jòhánù tiẹ̀ sọ iye rẹ̀ fún wa: 300 dínárì, owó iṣẹ́ ọdún kan gbáko fún lébìrà. Jésù kò sọ pé tálákà kò ṣe pàtàkì. Ó ní ẹ fi obìnrin náà sílẹ̀, ohun dáradára ló ṣe sí mi.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn sístà wọ̀nyí ń sọ fún wa ni pé Ọlọ́run tó ohun tí èèyàn lè fi gbogbo ayé rẹ̀ fún, láìretí pé kí ó mú nǹkan mìíràn jáde. Ìgbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń fi “ṣùgbọ́n wọ́n ń gbàdúrà fún wa” gbèjà wọn kíákíá, ó máa ń dà bíi pé a ti fo ìdí àkọ́kọ́ yìí. Bí wọn ò bá tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìyìn Ọlọ́run nìkan ti tó iṣẹ́. Àwa tá a gbà pé Ọlọ́run wà, tá a sì ń fún un ní wákàtí kan lọ́jọ́ Sunday, kò yẹ kí ẹnu yà wá pé ẹnì kan fún un ní wákàtí tó kù.

Ìdí kejì ni ẹ̀bẹ̀. Ẹ ṣí ìwé Ẹ́ksódù orí 17. Jóṣúà wà lójú ogun, ó ń bá Ámálékì jà. Mósè wà lórí òkè, kò mú idà, ọwọ́ ló gbé sókè. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lókè, Ísírẹ́lì á máa borí. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ tó sọ ọ́ kalẹ̀, Ámálékì á borí. Áárónì àti Húrì wá gbé òkúta fún un jókòó, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, títí oòrùn fi wọ̀. Ta ló wá ṣẹ́gun níbẹ̀, ẹni tó mú idà ni àbí ẹni tó gbọ́wọ́ sókè? Ìjọ gbà pé a kò lè yọ ọ̀kan kúrò. Masọ̀ọ̀ tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ ní Kétu ni Jóṣúà. Èyí tó jí lóru nínú mọ́násítírì ní ọwọ́ lókè. Ní ìlú, a máa ń fọkàn balẹ̀ sùn nítorí pé ọlọ́dẹ kò sùn.

Àdúrà tiwa kò tó ni?

Ó tó, ó sì gbọdọ̀ wà. Wọn kì í gbàdúrà kí àwa lè jáwọ́ nínú tiwa. Pọ́ọ̀lù sọ pé ara kan ni Ìjọ, ẹ̀yà ara sì pọ̀. Ojú kò lè sọ fún ọwọ́ pé òun ò nílò rẹ̀. Oúnjẹ tó wà lórí iná, ọmọ tó ń sunkún, oníbàárà tó dúró lẹ́nu ìsọ̀, gbogbo rẹ̀ ń pe ìyá ọlọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gbàdúrà bó ṣe lè gbà á. Ìtùnú ńlá ni fún un láti mọ̀ pé nígbà tí kò ráyè, ẹnì kan ráyè.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ ẹnì kan tá a mọ̀.

Tẹrésà ti ìlú Lisieux ni, ẹni tí ère rẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó gbé òdòdó rósì àti àgbélébùú dání. Wọ́n bí i ní 1873. Kí ó tó wọ Kámẹ́lì, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14, ó gbọ́ nípa apànìyàn kan, Henri Pranzini, tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní Paris, tí kò sì fẹ́ ronú pìwà dà. Tẹrésà mú un bí ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ́ ẹ lórí, ní oṣù kẹjọ ọdún 1887, ó gba àgbélébùú lọ́wọ́ fadà, ó fẹnu kò ó. Tẹrésà kà á nínú ìwé ìròyìn, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wọ Kámẹ́lì lọ́mọ ọdún 15. Kò jáde mọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní 1897, lọ́mọ ọdún 24. Ó fẹ́ lọ sí Kámẹ́lì ìlú Hanoi ní Íńdóṣáínà, ara rẹ̀ kò gbà. Àwọn míṣọ́nnárì méjì ni ó ń kọ lẹ́tà sí, tó ń gbé ẹrù wọn nínú àdúrà: Adolphe Roulland tó lọ sí Ṣáínà àti Maurice Bellière tó lọ sí Áfíríkà. Ní 1925 Ìjọ pè é ní ẹni mímọ́. Ní 1927 Pópù Pius kọkànlá fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ míṣọ́nnárì, òun àti Francis Xavier tó rin ilẹ̀ Íńdíà dé Japan. Ẹni tó rìn jù àti ẹni tí kò rìn rárá, oyè kan náà ni wọ́n fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni Ìjọ rò nípa àwọn tí kì í jáde, ẹ sọ èyí fún un.

Kì í ṣe nǹkan òyìnbó ni?

Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ará Íjíbítì ni Áńtónì Mímọ́. Ó gbọ́ ìhìn rere ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé kí ó lọ ta ohun tó ní kó sì fi fún tálákà. Ó tà á, ó sì lọ dá gbé nínú aginjù. Ó kú ní 356, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Pakómíù, ará Íjíbítì bákan náà, ló kó irú wọn jọ sínú ilé kan pẹ̀lú òfin àti iṣẹ́. Àwọn òyìnbó ló wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí Benedíkítì máa kọ Òfin tirẹ̀ ní Ítálì, àwọn bàbá aginjù ló ń tọ́ka sí bí àgbà.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àwọn òyìnbó fi nǹkan tiwọn gba ọmọ wa, ó máa ń dùn mí. Ogún wa ló ń padà bọ̀ wálé. Ẹ wo Cyprian Michael Iwene Tansi, ọmọ Ígbò láti Nàìjíríà, tí wọ́n bí ní 1903. Fadà ìjọ ni, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Ní 1950 ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sí ilé àwọn Sisitẹ́ẹ̀sì ní Mount Saint Bernard ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú òtútù, ó di ẹni tí a kò gbúròó mọ́. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 1964. Ní 1998 Pópù John Paul kejì wá sí Nàìjíríà, ó kéde rẹ̀ ní ẹni ìbùkún.

Ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn mọ́ńkì Keur Moussa, tí wọ́n ti Solesmes ní Faransé wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, fi kora, ohun èlò orin olókùn, gbé Sáàmù. Ní Àljéríà, àwọn mọ́ńkì méje ti Tibhirine kọ̀ láti fi àwọn aládùúgbò wọn tó jẹ́ Mùsùlùmí sílẹ̀ lásìkò ogun. Wọ́n jí wọn gbé, wọ́n sì pa wọ́n ní 1996. Ní 2018 Ìjọ kà wọ́n mọ́ àwọn ẹni ìbùkún. Ẹni tó bá rò pé inú mọ́násítírì làwọn èèyàn ń sá ikú sí, kó ronú kan ilé yẹn.

Ṣé kì í ṣe pé wọ́n sá fún ayé? Bóyá ọkọ ló já a sílẹ̀, tàbí gbèsè.

Òfin Ìjọ ti ronú kan gbèsè. Ó wà níbẹ̀ ní kedere, ní ẹsẹ 644, pé olórí ilé kò gbọdọ̀ gba ẹni tó jẹ gbèsè tí kò lè san. Ẹni tó bá ní ọkọ láàyè, tí ìgbéyàwó wọn ṣì wà, kò lè wọlé. Wọ́n á wádìí ara rẹ̀, wọ́n á wádìí ìwà rẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá ó ti gbọ́n tó.

Ní ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́: mọ́násítírì kọ́ ni ibi ìsásí. Tẹrésà ti Avila fi iye ènìyàn inú ilé Kámẹ́lì mọ sí 21. Ẹ rò ó wò. Èèyàn mọ́kànlélógún tí ẹ kò yàn, ojoojúmọ́, títí ayé. Èyí tó ń húkọ́ níbi àdúrà, èyí tó ń fi nǹkan lélẹ̀ gbàrà, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dùn. Ẹni tó bá ń sá fún èèyàn, ibẹ̀ gan-an ni kò ní lè gbé.

Ṣé wọ́n lè fipá mú ọmọ lọ?

Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, àwọn bàbá kan ṣe bẹ́ẹ̀, torí owó ìdána tí wọn ò fẹ́ san. Kò yẹ ká fi pamọ́. Ìgbìmọ̀ Ìjọ tó jókòó ní Trent fi ìyọlẹ́gbẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tó bá fipá mú obìnrin wọlé, ní 1563. Títí dòní, ẹ̀jẹ́ tí wọ́n bá fi ipá, ìbẹ̀rù tàbí ẹ̀tàn gbà kò dúró lábẹ́ òfin Ìjọ. Òbí tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá fún òun lọ́mọ òun á fi ọmọ náà ṣe sístà, ẹ̀jẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ náà.

Irin wo ló wà láàárín àwọn àti àlejò? Ṣé ẹ̀wọ̀n ni?

Bí ẹ bá dé Kámẹ́lì, yàrá àlejò ni wọ́n á mú yín wọ̀. Àga á wà lápá tiyín, àga á wà lápá tiwọn, irin á wà láàárín ní ọ̀pọ̀ ilé. Lára ògiri, ẹ lè rí àpótí onígi kan tó ń yí po: ẹ ó gbé iṣu tàbí àpò ìrẹsì sí i, ẹ ó tì í, á yí sápá ọ̀hún, wọ́n á gbé e. Ẹ kò ní rí ọwọ́ tó gbà á. Ẹ ó kàn gbọ́ ohùn tó ń kí yín ẹ ṣé, tó ń bi yín nípa àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà wà. Èyí ló yà á sọ́tọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Wọ́n fi ààlà sí ibi tí wọ́n yàn fún Ọlọ́run kí ariwo má baà gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí gbogbo wa la mọ bí àlejò àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ṣe máa ń jẹ ọjọ́ tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó kù. Ìtàn odi yìí kò mọ́ látòkèdélẹ̀. Ní 1298 Pópù Bonifásì kẹjọ pàṣẹ pé gbogbo obìnrin tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ báyìí gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Ìgbìmọ̀ Trent sì tún mú un le. Ìbẹ̀rù àwọn ọkùnrin nípa obìnrin wà nínú rẹ̀, àwọn obìnrin tó fẹ́ jáde tọ́jú aláìsàn sì jìyà rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Síbẹ̀ àwọn obìnrin fúnra wọn náà yàn án. Klárà ti Àsísì ja ìjà tirẹ̀ kí wọ́n lè gbà fún òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ láti wà láìní dúkìá kankan. Lórí ibùsùn àìsàn ló wà nígbà tí Pópù fi ọwọ́ sí Òfin tó kọ, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1253. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ 11. Ó mọ ohun tó ń fẹ́. Lẹ́yìn Ìgbìmọ̀ Vatican kejì, àti ní pàtàkì nínú ìwé tí Pópù Francis kọ sí wọn ní 2016, àwọn ilé náà fúnra wọn ló ń yan irú odi tó bá ìpè wọn mu.

Ọmọ mi ni. Ta ni yóò sin mí?

Àwa Yorùbá gbà pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Nítorí náà mi ò ní sọ fún ìyá kankan pé kó má sunkún. Ohun tó ń fi sílẹ̀ pọ̀. Kò ní gbé ọmọ ọmọ láti ara ọmọ yìí. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan wà tí kò ní dé. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ Bíbélì pa ìyá lẹ́nu mọ́ níbi tí ara ti ń ta á, kò ṣe dáadáa.

Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bí ìyá tàbí bàbá kò bá ní ẹlòmíràn tó lè tọ́jú wọn, ọmọ náà kò tíì lómìnira láti lọ. Kì í ṣe èrò tèmi. Tọ́másì ti Àkúínò ti kọ ọ́ láti ọ̀rúndún kẹtàlá pé ẹni tí òbí rẹ̀ wà nínú àìní, tí kò sẹ́lòmíràn tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ nítorí àtiwọ ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. Òfin kẹrin nínú Òfin Mẹ́wàá ṣì dúró. Olórí ilé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sọ fún ọmọ náà pé kó padà lọ tọ́jú ìyá rẹ̀, pé ìpè Ọlọ́run kò ní sá lọ.

Bí àwọn ọmọ mìíràn bá wà nílé, ó yàtọ̀. Ẹ lè lọ kí i ní àwọn ọjọ́ tí ilé náà yà sọ́tọ̀, ẹ lè kọ̀wé sí i, òun náà á kọ̀wé padà. Ní ti ìsìnkú, àwọn ilé kò rí bákan náà. Lóde òní ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fún ọmọ láyè láti wá rí òbí tó ń ṣàìsàn tàbí láti wá sin ín. Àwọn mìíràn kì í ṣe é. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bi wọ́n kí ọmọ tó wọlé, kí ẹ bi wọ́n lójúkojú, kí ẹ má sì tijú. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n báyìí ju kí ó di ìjà ẹbí níwájú òkú.

Ohun kan sì wà tí mo rí nínú àwọn ìdílé tó ti gba ọ̀rọ̀ náà tọkàntọkàn. Òun ni gbogbo ẹbí ń pè bí nǹkan bá le. Aboyún ilé, ọmọ tó fẹ́ ṣe BEPC, ẹni tó ń bọ̀ láti Gàbọ́ọ̀nù, orúkọ wọn wà lẹ́nu rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ tí wọ́n sọ pé ó ti sọnù wá di ẹni tó di ilé mú.

Bàbá wa ń bọ òrìṣà, ẹ̀gbọ́n wa jẹ́ Mùsùlùmí. Báwo la ṣe máa ṣàlàyé fún wọn?

Irú ìdílé yìí pọ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn sì lè mú kó rọrùn. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ Mùsùlùmí mọ ìtìkáfì: ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn Ramadan, tí èèyàn á wọ mọ́ṣáláṣí, tí kò ní jáde fún òwò tàbí àríyá, kí ó lè dojú kọ Ọlọ́run. Ẹ sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ fẹ́ ṣe irú rẹ̀ títí ayé. Á ní ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Ti bàbá gba sùúrù, nítorí ó mọ ilé òrìṣà tí wọ́n ń fi àwọn ìyàwó òrìṣà sí, kúfáǹ, orúkọ tí Faransé ń pe ilé àwọn sístà, náà la sì ń pe ibẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n á fá orí ọmọ, wọ́n á kọ́ ọ lórin, á gba orúkọ tuntun, ọjọ́ á pé, ìlù á dún, á jáde. Á rí i pé orúkọ tuntun wà níhìn-ín náà, aṣọ tuntun wà, orin wà. Ẹ jẹ́ kí ó rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Kò sí awo nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ náà. Sáàmù tó ń kọ wà nínú Bíbélì gbogbo ènìyàn, bàbá fúnra rẹ̀ sì lè wá jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́násítírì kó gbọ́ ọ. Kò sí ohun tó gbé ọmọ náà gùn. Òun ló dìde lọ, ó sì ní ọ̀pọ̀ ọdún láti yí ọkàn padà. Kò sì sí ọjọ́ ìjáde, nítorí kò lọ gba nǹkan bọ̀. Àwọn bàbá wa mọ ohun tí ó jẹ́ kí èèyàn jẹ́ ti ẹni tó ń sìn, wọ́n sì lè yára gba èyí ju àwọn Kristẹni kan lọ.

Ta ló ń bọ́ wọn?

Ọwọ́ wọn ni. Benedíkítì sọ pé ìgbà tí wọ́n bá ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni wọ́n tó jẹ́ mọ́ńkì lóòótọ́. Oko, adìẹ, àkàrà Mísà, àbẹ́là, aṣọ fadà, ohun dídùn tí wọ́n fi èso sè, irú iṣẹ́ báwọ̀nyí ló wọ́pọ̀ nínú ilé wọn káàkiri ayé. Àwọn ènìyàn rere náà ń fi nǹkan ránṣẹ́.

Ṣé wọn kì í jáde rárá? Bí wọ́n bá ń ṣàìsàn ńkọ́?

Wọ́n á lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n lè lọ dìbò. Olórí ilé ló ń fúnni láyè. Fóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì wà ní ọ̀pọ̀ ilé fún ohun tó bá pọn dandan, níwọ̀nba.

Ọmọ mi ní òun fẹ́ lọ lóòótọ́. Ibo ló máa gbà?

Kó kọ́kọ́ bá fadà ìjọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì lọ lo ọjọ́ díẹ̀ ní ilé àlejò mọ́násítírì. Kò sẹ́ni tó máa yára gbà á. Benedíkítì tiẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tuntun kan ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún kí wọ́n tó ṣí i. Ìlànà tí Róòmù gbé jáde ní 2018 fún àwọn ilé obìnrin sọ pé ìdánwò náà kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́sàn-án lápapọ̀: ọdún kan láti mọ ara wọn, ọdún kan bí ọmọ tuntun nínú ilé, ọdún méjì ní nófísì (àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú ẹ̀jẹ́), ó kéré tán ọdún márùn-ún lábẹ́ ẹ̀jẹ́ onígbà díẹ̀. Ìgbà náà ló tó lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ títí ayé. Ṣáájú èyí, bí ẹ̀jẹ́ onígbà díẹ̀ bá ti pé, ó lè palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó wálé láìjẹ gbèsè àlàyé fún ẹnikẹ́ni. Bó bá wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ má ní ó já ní ìdánwò. Ó lọ wò ó bóyá ìpè rẹ̀ ni, ó sì rí ìdáhùn.

Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi gbàdúrà. Ṣé mo gbọ́dọ̀ sanwó?

Rárá. Ẹ kọ̀wé, tàbí ẹ lọ sí yàrá àlejò, ẹ sọ ohun tó ń dùn yín àti orúkọ ẹni tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rántí. Bí ẹ bá lọ́wọ́, ẹ mú ẹ̀bùn dání. Bí ẹ ò bá ní, ẹ ṣáà máa lọ. Kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ Kátólíìkì. Bí ohun tí ẹ bẹ̀bẹ̀ fún bá sì ti yanjú, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ là ń bá sọ̀rọ̀ nígbà ìṣòro tí a kì í padà lọ sọ ìyókù fún.

Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí a ń rántí bí wọ́n ṣe mú Màríà lọ sí Tẹ́ńpìlì, ni Ìjọ yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tó wà nínú odi. Ọjọ́ tó dára ni láti kó ọmọ katikísìmù lọ kí wọn, tàbí láti kó owó jọ nínú ìjọ fún òrùlé wọn tó ń jò. Ẹ tètè kọ̀wé ṣáájú kí ẹ tó lọ, kí wọ́n lè sọ wákàtí tí kò bá ti àdúrà mu.